Àpótí Ìyá Mi Tí Mo Gé Lẹ́sẹ̀

Wọ́n ní mo fẹ́ pa ìyá mi. Gbogbo Ajawẹ̀rẹ̀ ló gbọ́ ọ, torí náà kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀ mọ́. Mo gé àpótí ìyá mi lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi di ayùn mú, ojú mi là, orí mi sì pé. Bí ìyá mi bá tún jókòó síwájú mi lónìí lórí irú àpótí bẹ́ẹ̀, ayùn náà ni n ó tún lọ yá. Ẹni tó bá ṣì wà láàyè nínú àwọn tó pè mí ní àjẹ́ nígbà náà, kó wá gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Ó tó bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn òmìnira. Rédíò ń sọ fún wa pé èèyàn mẹ́ta ló ń ṣe ààrẹ orílẹ̀-èdè wa ní ìkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbé e fún ara wọn bí ìyàwó ilé ti ń gba oúnjẹ sè lọ́wọ́ ara wọn. A gbọ́, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àgbàdo là ń gbìn, epo là ń ṣe. Ìyá mi a máa ra epo lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé, a máa kó o lọ tà ní Àjàṣẹ́. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kù tó jẹ́ àgbà fún wa nínú ilé. Aránṣọ ni èmi. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, èmi àti ọmọ mi méjì wà lọ́dọ̀ ìyá mi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe láti àárọ̀ títí di alẹ́, ojú mi ló ń ṣe é.

Nígbà tó wà ní ọmọge, inú ẹkù ló ń bá wọn ṣiṣẹ́, inú kòtò ńlá yẹn tí a ń da ẹyìn sí, tí àwọn obìnrin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi léfòó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà yẹn ní eegun rẹ̀ ṣeé kà. Ìgbà tó kúrò nínú ẹkù tó di ẹni tó ń ra epo ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ẹni tó bá ń ra epo gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, ìtọ́wò náà sì ní bí wọ́n ti ń ṣe é. Wàá bu ẹ̀kọ, wàá tì í bọ inú epo, wàá gbé e mì. Ẹni tó ni epo yóò dúró síwájú rẹ, yóò máa wo ọ̀fun rẹ. Bí o kò bá gbé e mì, o ti bú epo rẹ̀ níṣojú ọjà. Ìyá mi lè tọ́ epo ogún obìnrin wò kí oòrùn tó kan àtàrí. Bó bá délé, yóò jẹun tirẹ̀. Bí àwọn ọmọ mi bá jẹun kù, yóò ní kí oúnjẹ má ṣòfò, yóò fi ọwọ́ nu abọ́ wọn.

Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Inú gbogbo wa ló dùn sí ara rẹ̀. Bó bá ń kọjá, wọn a ní ara rẹ̀ ń dán, wọn a ní ayé ń bọ̀wọ̀ fún un. Wọn a tún béèrè pé bí ẹni tó ń ta epo bá gbẹ bí igi, ta ni yóò gbà pé epo rẹ̀ dùn. Ìyá mi a máa tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọdọọdún, bí Iléyá bá ti ń bọ̀, mo máa ń tú ojú ìrán bùbá rẹ̀, mo máa ń fi aṣọ kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, èmi náà sì ń yangàn pé ìyá mi ni wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ aṣọ fún.

Ìyá tó bí i ń gbé ní Kpulu. Kì í ṣe mùsùlùmí bíi tiwa. Òrìṣà tó bá nílé ìyá rẹ̀ náà ló ń sìn. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n agbára kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nítorí kò lè rí ẹni tó ń kí i, ọwọ́ ló fi ń gba ìkíni. Bí o bá wọlé, wàá kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà yóò bà lé ọ lórí. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ ẹni tí o jẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa súre fún ọ. Kò sí ọmọ rẹ̀ tó lówó débi tí kò ní kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kó iyọ̀ àti aṣọ lọ fún un. Ìyá mi kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ súre fún un, ó súre tán, ìyá mi kò lè dìde. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti itan. Òógùn bò ó. Mo fà á lápá, kò mì. Ìyàwó ilé mẹ́rin ló wá bá mi gbé e, ọ̀kan nínú wọn sì ní ká rọra o, kí àpò àgbàdo má tú mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà tí kò ríran ń béèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín yẹn. Ojú ló ń tì í.

Nígbà tí a tún lọ, kò jẹ́ kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó di ògiri mú. Ìyá àgbà na ọwọ́ sí ibi tó yẹ kí orí wà, ikùn ọmọ rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

Ó ní, "Ta ló dúró lé mi lórí báyìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ ta? Ọmọ tèmi kì í kí mi ní ìdúró. Ṣé epo lo wá rà lọ́wọ́ mi ni?"

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Orúnkún? Èmi tí mo bí ọ, láràárọ̀ ni mo ń kúnlẹ̀ fún òrìṣà mi, mo sì ń dìde. Owó ló wọ̀ ọ́ lórúnkún. Máa lọ. Ọjọ́ tí o bá rántí ibi tí ilẹ̀ wà, kí o padà wá kí mi."

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ìyá mi ti sunkún dé Ajawẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà, àgbàlagbà tó ti ń gbé e lọ sọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́, kò wẹ̀yìn rárá. Ìyá mi kò tún lọ sí Kpulu mọ́. Ó fi ẹrù rán ènìyàn, ìyá rẹ̀ dá ẹrù padà, ó ní kí ẹni tó ni í fi orúnkún ara rẹ̀ gbé e wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ìyá mi sọ ọ́ láìwo ojú mi: "Bó bá kú báyìí ńkọ́? Bó bá kú, tí ikùn ni ọwọ́ rẹ̀ bà gbẹ̀yìn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára. Àrùn tàbí ẹwà kọ́ ni mo ń bá jà láti ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ìyá mi kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ikú tó dé, kó sì dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e.

Mo kọ́kọ́ mú un lọ sí Pobẹ̀, lọ́dọ̀ ẹnì kan tí gbogbo wa ń pè ní dókítà. Ọkùnrin náà ṣe dáadáa sí wa. Ó tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó ní ẹrù ló pọ̀ jù lórí rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fọn. Ó kọ ìwé kan fún wa ní èdè Faransé. Bí a ti délé ni mo kà á fún ìyá mi: kò gbọdọ̀ jẹ epo, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀kọ, kò gbọdọ̀ jẹ iṣu tàbí gàrí.

Ó ní, "Kí ló wá kù?"

"Sàláàdì."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ewé ni, Ìyá."

"Wọ́n máa sè é?"

"Rárá. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. "Lọ fún ewúrẹ́ ní ìwé rẹ̀."

Síbẹ̀ ó gbìyànjú, nítorí ọ̀rọ̀ Kpulu. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi mu omi àti omi ẹ̀fọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, òòyì kọ́ ọ lọ́jà Oko-Akarẹ, ó ṣubú lé epo ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó jẹ iyán tirẹ̀, ó jẹ ti ọmọ mi, ó ní òun ti ṣe tòun, kí ẹnikẹ́ni má tún bá òun sọ ọ́ mọ́. Bí mo ti ń wò ó, inú bí mi sí i, inú bí mi sí dókítà, inú sì bí mi sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ní Kpulu.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fún mi ní ọgbọ́n. Bí aṣọ bá tóbi ju ẹni lọ, aránṣọ tó bá fi ìbínú ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ yóò bà á jẹ́. Ńṣe là ń gbà á sínú díẹ̀, tí a ń jẹ́ kí ẹni tó ni í wọ̀ ọ́ rìn, tí a tún ń gbà á sínú díẹ̀ sí i. Mo wo ìyá mi bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí n lè mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ojú mi wá bọ́ sí àpótí rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ló kàn án fún un lẹ́yìn ikú bàbá mi, nígbà tí òwò gbé e sókè. Igi ìrókò ni, ó fẹ̀, ó sì ga débi pé ẹsẹ̀ ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí kò bá lọ sọ́jà, orí rẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ ló ti ń ra epo, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń kírun. Àwa yòókù ń jókòó sórí àpótí ìdáná kékeré àti orí ẹní, à ń dìde láti ilẹ̀ nígbà àìmọye lójúmọ́ láìronú kàn án. Òun, bó bá ti tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ti wà ní ìdúró. Orúnkún ìyá mi ti gbàgbé ilẹ̀ nítorí kò sí ohun tó ń mú un débẹ̀ mọ́.

Ọjà Oko-Akarẹ a máa ná lọ́rọọrún. Lọ́jọ́ ọjà kan, bí ìyá mi ti gun kẹ̀kẹ́ jáde, mo lọ yá ayùn lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Mo parọ́ fún un pé fèrèsé ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo dojú àpótí dé, mo fi okùn ìwọnṣọ wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi ẹfun ìránṣọ fàlà. Mo gé e ní ìwọ̀n ìbú ìka mi kan péré. Ẹsẹ̀ kan ṣì gùn ju àwọn tó kù lọ, mo tún un gé. Mo gbá lẹ́bú igi kúrò. Ègé mẹ́rin tó bọ́, mo jù wọ́n sínú agbọ̀n tí mo ń kó àjákù aṣọ sí. Ìyá mi dé, ó jókòó, kò fura.

Mo jẹ́ kí ọjà méjì kọjá kí n tó tún un gé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é lọ. Mo gbé amù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ibẹ̀ ló tutù jù. Ní gbogbo ìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ dìde, ó sì ń bú mi bó ti ń lọ. Mo ń bu oúnjẹ àwọn ọmọ mi níwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán, abọ́ wọn sì ń dé ọwọ́ rẹ̀ lófìfo. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú gbogbo rẹ̀ débi tí ènìyàn yóò tìtorí rẹ̀ jà.

Ní ìgbà kẹrin tí mo gé e, ó ní, "Àpótí yìí mà ń rì."

Mo ní, "Ilẹ̀ ló rọ̀, Ìyá."

Ní ìgbà karùn-ún, ó ní ikán ni. Ó da eérú sí ẹsẹ̀ àpótí náà, ó da pẹtróòlù tí a ń dà sí fìtílà lé e, ilé ń rùn. Àràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ wo ikán tí kò sí. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ìyá mi lójoojúmọ́, ó sì ń dùn mí. Síbẹ̀ mo rí i pé bó bá fẹ́ dìde báyìí, ó ní láti fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara, kó tẹ̀ síwájú, kó fi itan ti ara rẹ̀ sókè. Itan tó tẹ ẹyìn rí ti ń ṣiṣẹ́ padà. Mi ò ní dáwọ́ dúró, kódà ká ní ọba ló ní kí n dáwọ́ dúró.

Ìgbà kẹsàn-án ni àṣírí tú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá wá àjákù aṣọ tí yóò fi di ìkòkò lẹ́nu, ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n mi, ó bá àwọn ègé igi níbẹ̀. Ó dà wọ́n sórí ẹní láàárín agbo ilé, ó kà wọ́n, mẹ́rìndínlógójì. Ó gbé àpótí jáde, ó wo ìdí rẹ̀. Ó pariwo.

"Ẹ wá wò ó o! Ìjókòó ìyá rẹ̀ ló ń gé díẹ̀díẹ̀, tó sì ń kó o pamọ́! Ọjọ́ wo ni yóò gé e tán? Lọ́jọ́ tó bá gé e tán, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni í?"

Ilé kún. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fọwọ́ kan ìjókòó àgbà ti fọwọ́ kan ẹ̀mí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á. Obìnrin kan ní òun ti ń wò ó tipẹ́ pé ìyá mi ń fọn. Òmíràn ní òun ń gbọ́ ìró ayùn. Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́. Ojú mi ti pọ́n. Mo dìde nídìí ẹ̀rọ mi.

Mo ní, "Mo jẹ́wọ́. Kò sí ikán kankan. Èmi ni ikán náà. Nígbà tí ìyá mi ń sunkún bọ̀ láti Kpulu, èwo nínú yín ló bi í léèrè ohun tó ń ṣe é? Ara rẹ̀ ń dán, ara rẹ̀ ń dán, ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Ṣé ara dídán ló máa gbé e dìde nílẹ̀? Mo gé e, n ó sì tún gé e, ẹ lọ pe ẹni tí ẹ bá fẹ́ pè."

Mi ò mọ̀ pé ìyá mi ti dé láti ọjà, pé ó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ fọ́ mi létí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n etí mi hó di ọjọ́ kejì.

Ó ní, "O jẹ́ kí n máa da pẹtróòlù sí ẹsẹ̀ àpótí láti ọjọ́ yìí wá?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá mi kò wo ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ègé igi kan, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àpótí. Ó mú òmíràn, ó gbé e lé e. Ó ń tò wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi tó mẹ́sàn-án. Òkìtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdajì ẹsẹ̀ àpótí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gíga rẹ̀.

"Gíga tó báyìí ni mo ti sọ̀kalẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló wá ń gbé mi dìde?"

"Kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀yin fúnra yín ni."

Ó jókòó sórí àpótí náà lójú gbogbo wọn. Ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó dìde. Ó tún jókòó, ó tún dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń mí gúlegúle, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ìyá mi máa ń pè ní ọkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó máa gé e." Ó wá na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, èmi ni n ó máa fàlà ibi tí wàá gé."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn sí i. Ìyá mi gba ẹfun, òun ló ń fàlà. Nígbà mìíràn ó máa fo ọjà kan, yóò ní orúnkún òun kò tíì gbà á. Nígbà mìíràn yóò fa ìlà náà jìn ju ìbú ìka kan lọ, yóò wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣe ojo. Ó sọ fún oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé níbi igi àràbà tó ṣáájú ọjà ni kó máa sọ òun kalẹ̀. Bàbá náà kò fẹ́ kí wọ́n ní òun já èrò òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ló bá ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí dé ọjà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, odò tó wà ṣáájú àràbà ni wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jiyàn lọ, kẹ̀kẹ́ wà láàárín wọn láìsí ẹni tó gùn ún.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́wò ló le jù. Ó fa ẹyọ igi kan yọ nínú ọwọ̀, ó ń tì í bọ epo, ó ń lá a, kò bu ẹ̀kọ mọ́. Àwọn obìnrin Oko-Akarẹ ní oògùn ni, wọ́n ní igi yẹn ló fi ń fa adùn epo wọn lọ. Lọ́jọ́ ọjà kan, kò sí ẹni tó gbé epo síwájú rẹ̀. Ìyá mi dìde láàárín ọjà, ó ṣẹ́ igi ọwọ̀ náà sí méjì.

Ó ní, "Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọwọ̀ mi, kó mú ti ilé rẹ̀ wá. Ẹ̀kọ tí mo ti jẹ lọ́wọ́ yín tó. N ò jẹ ẹ́ mọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ máa ru epo yín lọ sí Àjàṣẹ́ fúnra yín."

Nígbà tí ọjà tún ná, ẹnu ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ki igi ọwọ̀ kan bọ̀.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Nígbà Iléyá, ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ ẹran bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí, ó ní kí n mú ẹfun wá. Bó ti ń fọn, àwọn ará ìlú yí ohùn padà. Wọ́n ní òwò ti dá a lágara, wọ́n ní àìsàn ń jẹ ẹ́ nínú, wọ́n wá ń bá mi kẹ́dùn ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi a yọ sí wọn láti inú ilé: "Ẹ wá bá mi rìn dé odò Oko-Akarẹ, kí n lè mọ ẹni tó yẹ ká bá kẹ́dùn." Kò sí ẹni tó bá a lọ. Mo tú ojú ìrán bùbá rẹ̀, mo gbà á sínú, nígbà tó yá mo tún gbà á sínú.

Ìgbà yẹn ni àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ààrẹ mẹ́ta, tí rédíò ń pariwo ìyípadà láti àárọ̀ dalẹ́, pé gbogbo nǹkan ni yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi ní kí wọ́n wá bi òun bóyá nǹkan máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àpótí rẹ̀ kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó sórí ẹní, ó dìde láti orí ẹní. Ó bu omi mu lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọ̀la, Kpulu."

Oko àkọ́kọ́ ní Kpulu la ti sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ìyá mi ló ru ẹrù fúnra rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sí ààyè rẹ̀, ó ti rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ìyàwó ilé tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí sì yọ jáde láti wá wòran. Ìyá mi kò wo ẹnì kankan. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Ọwọ́ náà jáde. Ó bà lé orí.

Ìyá àgbà fọwọ́ wá etí ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó padà sórí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Mi ò tíì gbọ́ irú ìre gígùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó súre fún òwò, ó súre fún ọ̀nà, ó súre fún àwọn tó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, inú sì ń bí mi. Mo ń wo ẹ̀yìn ìyá mi, orúnkún rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìyá àgbà ní, "Dìde."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbá a dànù. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó tẹ̀ síwájú, ó fi itan ti ara rẹ̀, ó dìde.

Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ìró aṣọ rẹ̀ bó ti ń gòkè. Ó gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran sókè.

"Ta ló gbé ọ dìde?"

"Kò sẹ́ni, Ìyá."

"Irọ́. Mo gbọ́ ìró ọwọ́."

"Ọwọ́ ọmọ mi ni. Mo gbá a dànù ni."

Àgbà náà ronú sí i. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde. "Fún mi ní ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Tún un ṣe."

Àwọn ìyàwó ilé sún sẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo dì wọ́n mú fún ara mi. Ìyá mi kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì dìde.